Átọ́ọ̀mù Ni Bàbá Ń Kọ́ Wọn: Ìrìn Ayé Olóògbé Dávídì Ọláfimíhàn Ọ̀nàfowókàn

Ìlú Àgọ́-Ìwòyè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni a ti bí Bàbá wa, Dávídì Ọláfimíhàn Ọ̀nàfowókàn, ní ọdún 1952. Káfíńtà ni bàbá wọn, Pa Sámúẹ́lì. Aláró ni ìyá wọn, Hùmúàní. Ìdí ìkòkò aró yẹn ni ìfẹ́ kẹ́místírì ti wọ Bàbá lára. Wọ́n á bi ìyá wọn pé kí ló wà nínú omi eérú tí aró fi ń mú aṣọ, ìyá á ní kí wọ́n lọ gbé igi wá, kí wọ́n yé da òun láàmú.

Wọ́n kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì gboyè nínú kẹ́místírì ní Ìbàdàn ní 1977. Ní 1981, wọ́n fẹ́ Magdalene, ọmọ Aládùúrà pọ́ńbélé, Ọlọ́run sì fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi jẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì wọn kò lè gbàgbé búrẹ́dì. Wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á tún gé ìdajì sí méjì, títí yóò fi ku èérún, wọ́n á wá béèrè pé níbo ni gígé náà máa parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dárúkọ átọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn búrẹ́dì ló máa ń kan ọkùnrin ará Faransé kan, Berthelot. Onímọ̀ kẹ́místírì ńlá ni láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ojú ẹnikẹ́ni kò rí átọ́ọ̀mù, ó kọ etí ikún sí i. Ó tún wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Agbára ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà tètè ráyè ní ilé ìwé ilẹ̀ wọn. Ó dàgbà kó tó rọ̀. Bàbá a máa ní ọ̀mọ̀wé ló mọ ọ̀nà ìwé tó fi lè dí i mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwa ọmọ gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi sú wa.

Ní 2004, a kó wá sí Thames View, ní Barking, ní London. Olùkọ́ fìdíhẹ ni wọ́n gba Bàbá sí, ilé ìwé kan lónìí, òmíràn lọ́la, kò sì sí kíláàsì kankan tó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó dùn wọ́n gan-an. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2017, ìjọ Màmá ní Chadwell Heath gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ọ̀sán Sátidé. Ara Bàbá yá gágá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì.

Kò pẹ́ tó fi dàrú. Ìgbìmọ̀ ìjọ pe Bàbá, ó ní ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kò bá ilé Ọlọ́run mu, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìgbìmọ̀ kò dárúkọ ohun náà. Bàbá náà kò béèrè, torí ó dá wọn lójú pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n délé, wọ́n ní, "Magdalene, Berthelot ti wọ sùtánà o." Wọ́n bá wọ yàrá lọ.

Bàbá kò tún kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, wọn kò sì tún fẹsẹ̀ tẹ ìjọ náà mọ́. Wọ́n á máa dá rìn ní Mayesbrook Park. Bí àwọn ìyá ìjọ bá pàdé wọn ní High Road, wọ́n á fa ọmọ wọn mọ́ra. Bàbá rò pé sáyẹ́ǹsì ni àwọn èèyàn ń sá fún. Màmá nìkan ló ń lọ sílé Ọlọ́run, wọ́n ń gbàdúrà kí ọkàn ọkọ wọn rọ̀. Inú ìbànújẹ́ yẹn ni Bàbá wà tí àìsàn ọkàn fi mú wọn lọ ní oṣù Kejì ọdún yìí.

Lẹ́yìn ikú Bàbá, ìyá Ṣọpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, wá kí Màmá.

"Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́ o. That àtọ̀-ọmọ matter tí Daddy ń kọ́ àwọn children, a ti forgive wọn since. Ṣọpẹ́ came home that day, ó ní uncle said àtọ̀-ọmọ ni wọ́n fi dá gbogbo wa. Mo ní, hà! In church? Mo bá lọ sọ fún committee."

Ìmísí, àkọ́bí Bàbá, ló kọ́kọ́ yé.

"Auntie, átọ́ọ̀mù ni! Atom! It's chemistry, Auntie. Kí ló dé tí ẹ ò bi Daddy?"

"Báwo ni mo ṣe máa fẹnu mi bi àgbà nírú ẹ̀?"

Òótọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójú àgbà. Ọmọ tí wọ́n bí sí London ló ṣi ohùn pè, ìtìjú kò sì jẹ́ kí àgbàlagbà kankan tún ọ̀rọ̀ náà pè, ohun tó ba ọjọ́ alẹ́ Bàbá wa jẹ́ nìyẹn. Inú ń bí wa, a kò sì ní fi ìwé ìsìnkú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń kà á lónìí, ẹ pè é sókè: átọ́ọ̀mù.

Bàbá fi Màmá Magdalene sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Ìmísí àti Adédèjì. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Ayọ̀mípọ̀sí àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Àti àbúrò wọn, Síkírù, tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè.

Nígbà tí a lọ wo òkú wọn, Màmá ní kí gbogbo wa bọ́ síta. Ìmísí ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ sí Bàbá létí, wọ́n sì dárúkọ ohun tí wọn kò dárúkọ lójú ọkọ wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Bàbá Ìmísí, ẹ ò rẹ́rìn-ín ni?"

Bàbá wa, níbi tí ẹ bá dé, kí wọ́n gbọ́ yín ní àgbọ́yé. Ẹ sùn un re o.