Omi Tó Kù Nínú Àmù

Ọjọ́ Ajé, 14 Fẹ́búárì 1983

Ìjọba ṣòfin lónìí. Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — inú ìwé yìí nìkan o. Bí ó bá gbọ́, mo gbé. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ nílé yìí, ẹjọ́ parí nìyẹn.

Garawa tí a sọ sí kànga láàárọ̀, ẹrẹ̀ ló gbé bọ̀. Ìjọba dúró tì í, ó wò ó, ó wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sídìí àmù. Láti òní lọ, òun nìkan ni yóò máa bu omi. Ife kékeré kan fún ojú àti ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, kó dúró sínú bàsíà, kí omi ara rẹ̀ má baà ṣègbé, òun náà ni a ó fi fọ àkísà. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, a ó fi fọ ìkòkò. Omi tí a fi ṣan iṣu, ti ewúrẹ́ ni. Ó da aṣọ bo àmù, ó fi okùn so ó lọ́rùn. Ó ní oòrùn náà ń mumi.

Èmi tí wọ́n bí ní Ìsẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ẹnu mi rí! Àgọ́-Àrẹ ni mo ti wá rí èyí. Inú ìwé ni mo ti lè sọ ọ́. Síta kọ́.

Ọjọ́rú, 16 Fẹ́búárì

Ràmọ́nì, ọkọ mi, ti oko dé. Igi ló fi ń tilẹ̀. Sòbìà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wú bí iṣu, orí aràn náà ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, funfun bí òwú. Omi adágún tó mu lóko lọ́dún tó kọjá ló ń hu jáde báyìí. Kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà.

A jẹ́ pé ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló kù fún ilé yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 18 Fẹ́búárì

Wọ́n jà ní mọ́sálásí nítorí omi àlùwàlá. Ìyá Mọ́nsúrù, aládùúgbò wa, ló wá ròyìn rẹ̀. Ìjọba gbé búùtà kọ́ sára ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan erùpẹ̀ dípò omi, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́, ó kírun. Ràmọ́nì kọ̀. Ó ní erùpẹ̀ kọ́ ni òun yóò fi dúró níwájú Ọlọ́run.

Ìyá rẹ̀ ní, "Erùpẹ̀ náà kúkú ló fi dá ọ."

Síbẹ̀, Ràmọ́nì kò kírun.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Fẹ́búárì

Kànga gbẹ. Ẹrẹ̀ pàápàá kò sí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Fẹ́búárì

Ìsun ẹ̀gbẹ́ àpáta ló kù fún gbogbo àdúgbò. Èmi àti Ìyá Mọ́nsúrù jáde kí oòrùn tó yọ, síbẹ̀ àwọn obìnrin ti tò lọ rẹrẹẹrẹ. Omi ń kán tó, tó, tó. A jókòó tì í. Obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa rẹ̀ rù, ó fẹsẹ̀ kọ, gbogbo rẹ̀ dànù. Ó kúnlẹ̀, ó fẹnu lé àpáta, ó ń lá a. A yíjú sẹ́yìn. N kò fẹ́ rántí rẹ̀ — mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nílé, Ìjọba fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà kí sòbìà má tún wọ̀ wá lára. Lẹ́yìn náà ó fún aṣọ ọ̀hún sínú abọ́ ewúrẹ́, ó fún un, ó fún un, títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ẹ̀rín pa mí. Ó wò mí. Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín pọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 Fẹ́búárì

Mo fọ aṣọ Fàtímọ̀, ọmọ mi. Mo gbàgbé ara mi, mo da omi rẹ̀ síta. Ìyá ọkọ mi jáde. Kò bú mi. Ó lóṣòó síbi ilẹ̀ tó tutù náà, ó ń wò ó títí ó fi gbẹ.

Ì bá sàn kó bú mi. Ó ti sú mi. Mo ń lá àlá odò, bí mo bá jí, ètè mi á ti là. Mo ti ń ronú kí n tó gbé itọ́ mì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Fẹ́búárì

Ìjọba ní òun ń gbààwẹ̀. Ti Ajé, ti Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́. Ààwẹ̀ Àbámẹ́ta wo tún ni?

Mo ṣọ́ ọ nígbà tí oòrùn wọ̀. Ó gbé ife, ó fi omi kan ètè, ó da ìyókù sínú ife Fàtímọ̀. Mo sọ fún Ràmọ́nì. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Ìyá rẹ̀ ní kó má pariwo lé òun lórí. Ó ní, "Èmi ti mu omi tèmi láyé. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni."

Ọjọ́ Jímọ̀, 4 Máàṣì

Fàtímọ̀ ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. Mo pọ̀n ọ́n lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Ó ní kí n se omi, kí n fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, kí n máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí n má sì dáwọ́ dúró. Mo bi í léèrè oògùn. Ó ní, "Ìyá Fàtímọ̀, omi ni oògùn rẹ̀. Bí omi bá tán lára rẹ̀, ó parí."

Mo jáde. Mo jókòó sábẹ́ igi. Omi ni oògùn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Máàṣì

Ó mu, ó yà á. Ó mu, ó bì í. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Bí ó bá ń sunkún, omijé kò jáde. Ìyá kò mu ohunkóhun mọ́, n kò tún lè bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ tó sì mu, nínú ti ta ni?

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàṣì

Ìsun náà ń kú lọ. Àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, ìdajì garawa ni mo rí. Mo rù ú wálé bí ẹni ru ẹyin. Mo dà á sínú àmù, mo sọ fún gbogbo ilé pé ti Fàtímọ̀ ni.

Ìyá dìde lórí àpótí. Ó di ògiri mú kó tó lè dúró. Ó ní, "Ìwọ ni kó máa ṣọ́ ọ wàyí, ìyàwó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàṣì

Ìyá kò jí sí ìrun àsùbá. Ìnnà lílláhì.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì

N kò lè kọ ọ́ lánàá. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn àgbà obìnrin wá wẹ òkú Ìyá. Wọ́n ní kí a gbé omi wá. Ìyá Mọ́nsúrù lọ káàkiri ojúlé, ife kan ló gbé bọ̀, ó ń sunkún — oníkálukú ló ní ọmọ nílé. Ni Ràmọ́nì bá wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ títí dé ìdí àmù. Mo ti jókòó síbẹ̀.

Ó ní, "Àsíátù, dìde."

Mo ní, "Bàbá Fàtímọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ti ọmọ ni."

"Ìyá mi kò ní wọlẹ̀ láìwẹ̀."

N kò dìde. Ó fa ọwọ́ mi. Mo dì mọ́ àmù bí ẹni tí àgbàrá ń gbé lọ tó rí igi dì mọ́. Fàtímọ̀ ń ké nínú yàrá, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Gbogbo wọn ń wò mí. Àfáà tó wá sin ín ló dá sí i níkẹyìn. Ó ní ẹ̀sìn fi ààyè gbà á: níbi tí omi kò bá tó alààyè, kí wọ́n fi erùpẹ̀ ṣe é fún òkú.

Ràmọ́nì yíjú sí èrò. Ó ní, "Gbogbo yín ẹ gbọ́ o. Ìyàwó mi ló ní kí wọ́n fi erùpẹ̀ wẹ ìyá mi." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Erùpẹ̀ ni wọ́n fi pa á lójú, òun ni wọ́n fi pa á lọ́wọ́. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin náà kọjá lára mi. Ó ní, "Ìyàwó ni ìyàwó ń jẹ́. Kì í ṣe ọmọ."

Mo wọlé lọ fún Fàtímọ̀ lómi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Máàṣì

Ìgbẹ́ dá. Fàtímọ̀ lajú. Ó béèrè ẹ̀kọ, ó béèrè ìyá àgbà. Ẹ̀kọ ni mo rí fún un.

Ọjọ́rú, 16 Máàṣì

Ràmọ́nì kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá Mọ́nsúrù ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wa. Mò ń yí sòbìà rẹ̀ mọ́ igi ìṣáná, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Kò ké, kò sì wò mí. Mo ní, "Ká ní ẹ̀yin ni ẹ jókòó sídìí àmù ńkọ́?" Ó kọjú sí ògiri.

Mo ṣì ń dúró sínú bàsíà bí mo bá fẹ́ wẹ̀. Mo ṣì ń so aṣọ mọ́ ọrùn àmù. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Máàṣì

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án yìí.

Ó ṣú láti ìhà ìlú Tẹ̀dé, ìjì jà, mo rò pé yóò kọjá bí ti tẹ́lẹ̀. Kò kọjá. Gbogbo àdúgbò bú jáde. Garawa, abọ́, ìkòkò, gbogbo ohun tó ní ikùn ni mo tò sábẹ́ òrùlé. Wọ́n kún, wọ́n ń ṣàn dànù. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe.

Ràmọ́nì jáde pẹ̀lú igi rẹ̀. Ó gbé garawa tó kún. Mo sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ yẹn, kò jẹ́ kí n gbà á. Ó tiro lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń dà á sórí sàréè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ìhà orí dé ìhà ẹsẹ̀. Ó padà wá gbé òmíràn. Mo dì í lápá mú. Mo ní, "Bàbá Fàtímọ̀, òjò ń rọ̀ sórí ibẹ̀ náà. Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ náà: "Fi mí sílẹ̀. Mò ń wẹ ìyá mi."

Mo fi í sílẹ̀. Ó gbé e, ó gbé e. Fàtímọ̀ ti yọ́ jáde, ó dúró láàárín àgbàlá, ó la ẹnu sí òjò, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó ní, "Bàbá, omi! Omi rèé!"

Ràmọ́nì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò wò ó.

Mo ti rò pé èmi nìkan ni Ràmọ́nì kò fẹ́ rí.