Koríko Léonie Ti Yè

Bàbá Léonie,

Kí ẹ tó bọ́jú, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé. Koríko etí odò tí ọmọ yín fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé e lọ sí Savalou ti yọ ọmọ mẹ́ta láàárọ̀ yìí! Wọ́n lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ ní, “Ó ti kú, jù ú nù.” Kò kú o, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ kọ ebè fún un bí ẹni gbin iṣu, omi sì ń ṣàn kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ má bínú pé mo hú u láìbèèrè. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì funfun, kò rà, ni mo bá gé àwọn tó ti gbẹ dànù látìdí, mo gbìn ín sínú ìkòkò, mo sì gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi. Bí omi abọ́ bá fà, ẹ bu omi òjò sí i.

Ọ̀sán ni Léonie ń bọ̀. Ká ní koríko rẹ̀ kú ni, ojú wo la ó fi wò ó?

Mo ti lọ sí Atokoligbé. Tó bá bèèrè ẹni tó tọ́jú koríko náà, ẹ sọ pé àwa méjèèjì ni.

Ìyá Léonie