Fúláàsì Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án, 2025
Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi. Dókítà fi hàn mí nínú fọ́tò inú ikùn – mi ò rí nǹkan kan, mo ṣáà ń mi orí. Ọmọdé ni, gíláàsì ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju orí rẹ̀ lọ. Onígíláàsì ni n ó máa pè é níbí. Ó ní kò tíì bàjẹ́ jù. Kí n dín láfún kù, kí n máa rìn, kí n fi tíì tí kò ní ṣúgà, tí kò ní mílíìkì, rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí n má fẹnu kan àgbo kankan. Ó bi mí bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí. Mo sọ ti Bàbá – ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ikùn tó wú, ọdún kejìlá rèé tí wọ́n ti kú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ní kí n má yọra mi lẹ́nu, àwọn ni yóò máa se tíì náà fún mi, wọn yóò máa dà á sí fúláàsì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 4
Ó korò. Ṣé bí tíì tí kò ní ṣúgà ṣe ń rí nìyí? Mo mu ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Adéwùmí, tí a jọ ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ní òun ò tíì rí ẹni tó ń mu tíì bí ẹni ń jẹ ìyà. Mo rẹ́rìn-ín, kí ó lè lọ. Lẹ́yìn ìrun alásàrì, mo rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà Láńlátẹ̀, mo padà. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 28
Ara ń yún mi. Ó rẹ̀ mí ju ìgbà tí mi ò tíì mọ̀ pé ara mi ò yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá
Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfẹnu kan ṣúgà – ó burú sí i.

Onígíláàsì ní, àgbo wo ni mò ń mu? Mo ní n kò mu nǹkan kan. Ó tún bi mí. Mo fi Kùránì búra. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé iṣẹ́ òun. Ó ní bí ti oṣù tó ń bọ̀ bá tún gòkè, Ìbàdàn ni mò ń lọ, wọn yóò dá mi dúró síbẹ̀. Mo sunkún nínú mọ́tò. Ẹ̀rù ń bà mí.

Jímọ̀, 17
Ìyá lọ sí Ìdèrè, ọmọ àbúrò wọn bímọ. Mo se tíì fúnra mi. Kò korò tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e padà sórí iná – síbẹ̀, kò korò. Ṣé mi ò mọ tíì í sè ni?

Àbámẹ́ta, 18
Àmírà, ọmọ mi, tọ́ tíì mi wò. Ó ní èyí kọ́ ni ti Màmá Àgbà, tiwọn máa ń rùn bí egbò igi. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó lọ fọ abọ́. Mo jókòó ti fúláàsì. Mo ti mọ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20
Ìyá dé lánàá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo tẹ̀lé wọn wọ ilé ìdáná. Èèpo igi àti egbò tútù ń hó nínú ìkòkò, àpò tíì méjì léfòó lórí rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́ fún mi.

Wọ́n ní, “Ràhmọ̀t, ta ni omi gbígbóná lásán wò sàn rí? Èyí ni mo fi tọ́jú bàbá rẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko, ilẹ̀ kan ò mọ́ kí n má fún un. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, mo tún fi kún un.”

Ohun tí Ìyá fi ń yangàn láyé nìyẹn, pé àwọn ò fi Bàbá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bóyá kì í ṣe ìkòkò yìí ló pa wọ́n. Mi ò ní mọ̀ láéláé. Ìyá ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo parọ́. Mo ní dókítà ní àgbo náà dára, ó kàn lágbára jù fún mi ni, kí n dúró lórí tíì nìkan ná.

“Ẹẹ́n, ó lágbára.” Inú wọn dùn. “Òun ló jẹ́ kí bàbá rẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.” Mo gbé omi mìíràn kaná.