Apá Òsì Ẹ̀rọ Orin Yín

Bàbá wọn,

Ẹ má ra ẹ̀rọ orin tuntun o, ẹ má sì fi ọ̀bẹ ìdáná mi tú ti àtijọ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi pariwo lé àwọn ọmọ lórí pé wọ́n ti ba apá òsì rẹ̀ jẹ́. Lánàá, ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi okùn etí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ sétí, èmi náà fi sétí: tọ̀tún tòsì ló ń dún ketekete. Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Etí yín ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń jẹun láàárọ̀. Ẹ ò dáhùn. Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Apá òsì yín náà ni mo máa ń jókòó sí. Mo ti rò pé ẹ̀ ń bá mi yan odì ni. Àṣé ẹ ò gbọ́.