Ó Ní Òun Ní Lọ́yà

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Láàárọ̀, mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ọgbà yunifásítì Al-Abidiyah nílẹ̀ Lárúbáwá níbí bí àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà ilẹ̀ Yúróòpù ṣe fẹnu kò sórí ìlànà iṣẹ́ kan náà, tí lọ́yà ará Faransé fi lè gba ẹjọ́ rò ní kóòtù Jámánì. Inú mi ń dùn, àfi bí ẹni pé èmi náà wà lára wọn.

Mo délé ní àdúgbò Kudai, mo bá Àlàájà aládùúgbò mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀, nítorí kò ní ìwé ìgbélùú.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Àlàájà, Nàìjíríà ni ìwé-ẹ̀rí mi ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ lásán ni mí níbí."

"Ṣé lọ́yà kì í ṣe lọ́yà níbi gbogbo ni?"

Ní Yúróòpù, bóyá. Mo ní kó wá lọ́yà ará ibí. Àwa méjèèjì mọ̀ pé agbára rẹ̀ ò ká a.

Kó tó lọ, ó ròyìn bí wọ́n ṣe mú ọkọ rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, gbogbo àwọn yòókù tí kò ní ìwé ló sá. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló jókòó. Ó ní òun ní lọ́yà.