Epo Ẹja Inú Ìgò

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? A ò ní fojú sunkún ara wa o. Àwa náà wà, bàbá rẹ ń kí ọ, òrùlé ibi tí mo ti ń yan ẹja ti ń jò, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Epo ẹja! Ogójì ọdún ni mo ti ń yan ẹja, tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú iná lójú mi, iṣẹ́ yẹn náà ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé, ìwọ wá lọ fi owó gidi ra ọ̀rá kan náà nínú ìgò ránṣẹ́ sí mi! O ní ó ń tún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ṣe fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi. Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, torí náà mo jókòó, mo fi abẹ́rẹ́ lu gbogbo hóró róbótó tí wọ́n rọ epo náà sí, ọgọ́ta géérégé, mo fún un sínú abọ́. Kò tó dín ẹyin kan! Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ni mo bá fi pa ẹsẹ̀ méjèèjì, ṣebí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ mi kì í fẹ́ dé.

Láti ọjọ́ náà ni ológbò aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ò ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì mo jókòó ti ẹja mi, aránṣọ pariwo pé ṣé mi ò mọ̀ pé ológbò òun ń lá mi ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Mo ní irọ́ ni. Mo wolẹ̀, òótọ́ ni. Eegun ẹja ti gún mi síbẹ̀, egbò rẹ̀ ti ń kẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí.

Nọ́ọ̀sì tó wẹ egbò náà bi mí pé oògùn ṣúgà mi ńkọ́, mo ní mo ti pa á tì láti ìgbà tí epo ti dé, ló bá káwọ́ lérí. Ó ní epo ẹja kì í rọ́pò oògùn, pé àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ pàápàá ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ń ṣe fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àwa alátọ̀gbẹ. Wọn ò tíì fẹnu kò, ọmọ tèmi ti sanwó!

Mo ti ń lo oògùn mi padà. Má fi epo kankan ránṣẹ́ mọ́. Fi owó òrùlé ránṣẹ́, kí o sì ra bàtà tó bo ẹsẹ̀ fún mi, torí nọ́ọ̀sì ní mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́. Owó òrùlé, o lè fi rán awakọ̀, ṣùgbọ́n má fi bàtà rán ẹnikẹ́ni o. Gbé e wá fúnra rẹ, kí o wọ̀ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, kí o fọwọ́ ara rẹ wò ó bóyá ó há, torí bó bá ń gé mi jẹ, èmi ò ní mọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ dé ilé láyọ̀.

Ìyá rẹ