Ìkíni Ìyá Salifou Tí O Gé Dànù

Florent,

Ohun tí o ṣe yìí ń rí mi lára.

Kí o tó jí láàárọ̀ yìí, Ìyá Salifou wá láti Kaboua. Wọ́n ti gbọ́ ohùn ara wọn nínú pọ́díkáàsì wa, lórí fóònù ọmọ wọn. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

“Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo wọlé onílé tí n kò kí bàbá, n kò kí ìyá, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ bí ẹni tí ajá ń lé? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá ogbó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi.”

O mọ̀ mí. Mo kàn kúnlẹ̀ ni.

Ìgbà tí wọ́n lọ ni mo tó gbọ́ ohun tí o gbé jáde. Nígbà tí a gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n kí ará oko, wọ́n kí aláboyún, wọ́n kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. O gé gbogbo rẹ̀, torí o ní ará Kútọnu tó ń gbọ́ wa ò ní sùúrù. Ìpolówó ọṣẹ nìkan ni o ò gé. Ṣíọ̀! Ètò tí a ní a fi ń tọ́jú ohùn àgbà, òun la fi dójú tì wọ́n.

Mo ń lọ bẹ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá gbà, àgbà wo ni yóò tún lanu fún wa? Dá ìkíni náà padà kí n tó dé.

Iṣu wà nínú ìkòkò.

Mi ò kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ṣé o rí bó ṣe ń rí?

Tọ́ládé